Abo Ajá Tó Kù ní Ugbor

Ugbor, Benin City
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́

Dáyọ̀, Àyìndé ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀, kí n sì kọ ẹni tó mọ̀ sí i.

Olè fo ògiri yín ní Oregbeni, wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n gbé e lọ. Itohan nìkan ló wà nílé. Ìwọ mọ̀, ìyàwó rẹ mọ̀, gbogbo àdúgbò mọ̀. Èmi tí mo bí ọ kò mọ̀, àfi ìgbà tí mo béèrè ìdí tí ẹ fi ń ra omi sínú kẹ́ẹ̀gì.

Dókítà Osaro, oníṣègùn ẹranko tó wà ní òpópónà wa níbí, ní ajá méjì tí kò ní olówó, akọ kan, abo kan. Ó ní kí ẹ wá mú èyí tó bá wù yín kó máa ṣọ́ ilé. O ní o fẹ́ rò ó, bóyá akọ ni àbí abo. Ó ti lé ní oṣù kan, o ṣì ń rò ó. Ìwọ mọ̀, dókítà mọ̀, bóyá àwọn ajá náà ti mọ̀.

Àǹtí Ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, sọ ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu àgbà. Sípíkà lo fi fóònù sí. Itohan wà ní kíṣìnnì, ó gbọ́. Ìwọ mọ̀ pé ó gbọ́. O ò fèsì tó yẹ fún Àǹtí, o ò sì sọ nǹkan kan fún ìyàwó rẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Itohan ti ń yà sí Ugbor láti wá jókòó ti ajá. Èyí ni ìwọ ò mọ̀. Dókítà mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n láti àná.

Ó tán. Mo kí ọ wàyí. Ẹ kú orí ire ipò tuntun ní báńkì, kí Ọlọ́run jẹ́ kí àga náà tù ọ́ lára. Mo ń kọ lẹ́tà yìí ní Yorùbá nítorí pé bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, wàá sáré kà á láàárín ìpàdé kan sí èkejì. Yorùbá, ó di dandan kí o rọra. Orí tábìlì ìjẹun ni mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á ní gbogbo Sátidé, tí o fi mọ̀ ọ́n, tí o sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn títí dòní. Kò burú. Tú táì ọrùn rẹ, kí o jókòó.

Àná, bí mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mo rí ọkọ̀ Itohan níwájú ọgbà dókítà. Mo wọlé. Mo bá a lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé, ó jókòó pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, abo ajá náà sì na ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá bàtà rẹ̀. Ajá dúdú ni, àyà rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ kan ti ya. Ẹ̀bá ọ̀nà Ikpoba Hill ni wọ́n ti rí i pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Ó já mọ́ àwọn tó ń kó ajá lọ fún ìkòkò ata lọ́wọ́ ni.

"Mama, good afternoon ma," Itohan sáré dìde. "I dey pass, I say make I greet."

"Ta lo wá kí? Dókítà ni àbí ajá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi di ẹkún. Kò pariwo. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa ajá lórí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ajá náà kò mira.

O mọ̀ mí, èmi kì í jókòó níbi tí wọn ò ti fún mi ní àga. Àná, mo fa bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, mo jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi ní Píjìn, àfi ìgbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ Àǹtí. Ibẹ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, bí Àǹtí ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ohùn Ọ̀wọ̀ lẹ́nu. Ìwọ rò pé ó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Dáyọ̀, ìyàwó rẹ gbọ́ Yorùbá ju bí o ṣe rò lọ.

"Má mú abo wọlé o," Àǹtí ní. "Ìyàwó rẹ kò tíì bí. Ṣé kí ajá wá kó ọmọ mẹ́fà jọ níwájú rẹ̀, kí ayé máa fi wọ́n wéra?"

Ìwọ wá dáhùn pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ajá náà, wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, kò lè bímọ mọ́. Bí ẹni pé ìyẹn ni ìṣòro.

"Èyí wá burú jù," Àǹtí ní. "Kí àgàn máa bá àgàn gbélé?"

O sì sọ pé, "Okay ma, Àǹtí. A máa rò ó."

Ohun tí o ti ń rò láti oṣù tó kọjá nìyẹn. Mo béèrè lọ́wọ́ Itohan pé kí lorúkọ ajá náà. Ó ní òun ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, torí pé bí òun bá sọ ọ́ lórúkọ tí ẹ ò wá mú un, orúkọ náà á máa dá òun lóró. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Èkíní. Jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ akọ àti abo, torí pé òun ni o fi ń bojú.

Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ kọ́kọ́ dé Benin, yàrá méjì nínú ọgbà ńlá kan ní Ogida la háyà. Mò ń kàwé ìṣòwò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà náà, wọ́n sì ti kọ́ wa láti máa ya tábìlì fún gbogbo nǹkan: àǹfààní lápá ọ̀tún, ìpalára lápá òsì, kí o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Mo ya tábìlì fún ọṣẹ. Mo ya tábìlì fún ibi tí a máa gbé bẹ́ẹ̀dì sí. Nígbà tí a fẹ́ gba ajá, mo ya tábìlì. Akọ: ó tóbi, ó ń dẹ́rù bani, kì í bímọ síni lọ́rùn. Abo: yóò bímọ, yóò kó akọ àdúgbò wá sẹ́nu ọ̀nà. Akọ gbégbá orókè kí n tó yà á tán. Bàbá rẹ ní, "Àṣàkẹ́, ṣé o ti rí ajá tí ò ń fún ní máàkì yìí?" Mo ní kò pọn dandan.

Ọkùnrin kan tí wọ́n gbé kúrò ní Benin ló fi akọ ńlá kan sílẹ̀. Mo wo gíga rẹ̀, mo wo eyín rẹ̀, mo fà á wálé. Àwọn àgbà ní aya tí a bá fẹ́ lóde ijó, ìran ni yóò wò lọ. Ajá yìí gbó fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni abo kan ní òpópónà kejì bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Ajá wa fo ògiri, ó di àwátì. Bó bá dé, ojú rẹ̀ á ti ya, á sun oorun rẹ̀ tán, á tún lọ. A fún un ní oúnjẹ, a súfèé pè é, ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọjọ́ tí olè wọ ọgbà wa lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n kó gbogbo aṣọ orí okùn, ajá mi ń ṣe ọkọ ìyàwó lójúlé ẹlòmíràn. Fún oṣù kan, àwọn ará ọgbà ò jẹ́ kí n rímú mí: "Madam, your soja still dey for leave?"

Má tìtorí èyí sọ pé akọ kò dára. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ni, bóyá ìrìnkèrindò rẹ̀ ì bá dínkù. Àṣìṣe mi ni pé ohun tí wọ́n ń pe ajá ni mo fún ní máàkì, mi ò wo ajá fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo mọ̀ báyìí, kí o má tún bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Akọ a máa tọ̀ sára ògiri àti sára táyà. Ó ń rìn, ó ń jà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ìwọ̀nyí á dínkù, ṣùgbọ́n ìwà tó ti mọ́ ọn lára kò ní bá ọ̀dá lọ. Abo, bó bá ń wá akọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹnu ọ̀nà yín á dà bí ibùdókọ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún èyí tó wà lọ́wọ́ dókítà, ìyẹn ti kúrò níbẹ̀. Ní ti ìṣọ́lé, àwọn méjèèjì ló ń gbó. Olè kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ajá kó tó sá.

Ohun tó yẹ kí o béèrè ni pé ta ló máa bá ajá yìí gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, o ti wọkọ̀. Òkùnkùn lo fi ń wọlé. Itohan ló wà nílé, òun ló máa bọ́ ọ, òun ló máa ṣí ilẹ̀kùn fún un. Akọ tó wà ní Ugbor, ilé ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ló dàgbà sí, lórí ṣéènì. Mo wò ó dáadáa lánàá. Bí obìnrin bá ti gbé ìgbálẹ̀ kọjá, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde. Dókítà ní, "Mama, this one, na gate e sabi. To stay with person for house, e no sabi." Abo náà ń kọ́? Ọmọkùnrin oníbùrẹ́dì kan kan ilẹ̀kùn ọgbà nígbà tí a jókòó. Ajá náà dìde kúrò lẹ́sẹ̀ Itohan, ó lọ dúró láàárín òun àti ilẹ̀kùn, ó gbó lẹ́ẹ̀mejì péré. Nígbà tí dókítà jáde, ó padà wá dùbúlẹ̀. Mi ò ya tábìlì kankan.

Ìkejì ni ìdúró. O mọ iṣẹ́ mi. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ ní kóòdù-rúùmù tí mò ń kó ẹja dídì sí, ẹja kì í dúró de ìpàdé. Wàá ṣe ìpinnu, tàbí kí òórùn bá ọ ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rò pé bí mo bá dúró díẹ̀ sí i, iná á dé. Iná kì í mọ̀ pé mò ń dúró. Ìwọ náà rò pé bí o bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, Àǹtí á gbàgbé, Itohan á gbàgbé, dókítà á wá ẹlòmíràn fún ajá, ọ̀rọ̀ á kúrò nílẹ̀ láìsí ẹni tó bá ọ bínú. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko. Ìdákẹ́ rẹ ti dá gbogbo wọn lóhùn. "Ó dáa" ni Àǹtí gbọ́. Ohun tí Itohan gbọ́, mi ò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé.

Wàá ní èmi náà máa ń yára jù. Òótọ́ ni. Èmi ni Àǹtí kọ́kọ́ pè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tírélà ẹja wà níwájú mi, wọ́n ń já a sílẹ̀, mo ní, "Ẹ pe Dáyọ̀, Àǹtí," mo sì pa fóònù. Ká ní mo tẹ́tí díẹ̀ ni, orí mi ni ọ̀rọ̀ náà ì bá bà sí, kì bá tí dé kíṣìnnì yín. Ìyára tó ń yanjú nǹkan wà, ìyára tó ń ti ẹrù sórí ẹlòmíràn náà wà. Mo ṣe èkejì. Má ṣe bíi tèmi.

Ìkẹta ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí nígbà tí bàbá rẹ wà láàyè, torí mi ò fẹ́ kí o fojú kékeré wò ó. Ó ti lọ sinmi, o sì ti di ọkọ ènìyàn.

Ọmọ kò tètè dé sí wa lọ́wọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Nínú ọgbà Ogida yẹn, ìdílé Yorùbá kan ṣoṣo ló wà yàtọ̀ sí wa, ilé Ìyá Rónkẹ́. Èmi àti òun jà lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí, ìjà tí kò tó ìjà. Kò bú mi. Ó lọ gba abo ajá kékeré kan, ó sì sọ ọ́ ní Kílòńdúródè.

O mọ àwọn ènìyàn wa. Ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ fún aládùúgbò, wọ́n á fi sọ ajá lórúkọ, wọ́n á sì máa pe ajá. Bí mo bá ti ń ti ọjà bọ̀, "Kílòńdúródè, máa bọ̀." Bí bàbá rẹ bá wọlé, "Kílòńdúródè, ọkọ ti dé o." Ó ṣeé fara dà bó bá jẹ́ Ìyá Rónkẹ́ nìkan ló ń pè é. Ṣùgbọ́n ará Benin àti Esan ni gbogbo àwọn tó kù nínú ọgbà. Wọ́n rò pé orúkọ Yorùbá tó dùn lẹ́nu ni. Àwọn ọmọ onílé fẹ́ràn ajá náà bí ojú. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀: "Kílòńdúródè, come chop! Kílòńdúródè, who beat you?" Wọ́n fi ṣe orin, wọ́n ń fò ó mọ́ okùn. Ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan, ọmọdé tí mò ń fún ní bisikíìtì, wọ́n ń bi mí ní gbogbo ọjọ́ pé kí ni mò ń dúró dè. Nínú gbogbo ọgbà náà, èmi àti bàbá rẹ nìkan ló gbọ́.

Mo sọ fún un. Ó ń jẹun. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ajá lásán ni. Bí o bá bá ajá jà, ta ni wọ́n máa pè ní wèrè?" Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ènìyàn dáadáa ni bàbá rẹ. Kò sí ọsibítù tí kò bá mi dé. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé wọn mú ìyàwó kejì wá bá mi. Ṣùgbọ́n òun àti ọkọ Ìyá Rónkẹ́ ni wọ́n jọ ń ta dráfù ní ìrọ̀lẹ́, kò fẹ́ kí ayò bàjẹ́. Mo fara da abẹ́rẹ́, mo fara da àwẹ̀. "Ajá lásán ni" yẹn ni mi ò lè gbé mì. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí nǹkan bá dùn mí, mi ò sọ fún un mọ́. Ó rò pé ara mi ti balẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun kì í yọni lẹ́nu.

Onílé ló yanjú rẹ̀. Ará Benin ni, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "My wife, this dog name wey my pikin dem dey sing, wetin e mean?" Mo sọ fún un. Ó ní, "So na my own pikin mouth dem dey take yab you?" Ó ní kí Ìyá Rónkẹ́ wá. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn ní, "Madam, for this compound, that dog na Friday." Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó sọ fún wọn. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ajá fi di Friday tọkàntọkàn, torí pé ọwọ́ àwọn ọmọ náà ni oúnjẹ ti ń wá. Ìyá Rónkẹ́ pe Kílòńdúródè títí, ajá ò dá a lóhùn. Nígbà tó yá, tipátipá lòun náà fi ń pe Friday.

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Èmi wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọkùnrin tó yẹ kó sọ̀rọ̀ yẹn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

O ti rí ibi tí mò ń lọ. Bí èmi bá pe Àǹtí, ìjà ìyàwó ilé àti ọmọ ilé ni wọ́n máa pè é, wọ́n á sì jà á títí dé ojú ibojì mi. Bí bàbá Itohan bá gbọ́ tó sì dá sí i, o ti sọ nǹkan nù lójú ìyàwó rẹ tí owó oṣù báńkì kò lè rà padà. Ìwọ ni ọmọ wọn. Ẹ̀yìn Àǹtí ni o ti sùn jù nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ó fẹ́ràn rẹ ju èmi gan-an lọ ní ọjọ́ mìíràn. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó ń wo orúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú, ó ń wò ó bóyá ó máa parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ẹsẹ̀ Itohan ni ó sì fọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ràn ẹni kò gba àṣẹ láti fọ́ ẹyin síni nílé. Ní ti ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ènìyàn. Ajá kò mú ilé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.

Kí n má gbàgbé: bí ẹ bá fẹ́ sọ ajá náà lórúkọ, ẹ má fi bá Àǹtí wí. Mo mọ̀ ọ́, o máa rò pé ọgbọ́n ni. Kí Itohan sọ ọ́ ní orúkọ tó bá wù ú, ní èdè tirẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí ó yẹ kí n ti fi bẹ̀rẹ̀. Akọ ti ní ilé. Èmi ni mo mú un. Ọgbà kóòdù-rúùmù mi ga, géètì rẹ̀ tóbi, kò sí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti ilé. Géètì ló mọ̀, mo fún un ní géètì. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ní Ọjọ́bọ̀, á wọlé iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ti gba oṣù kan lọ́wọ́ rẹ ti parí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé o ń rò ó bóyá akọ ni àbí abo. Abo ló kù.

Kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ fẹ́ gba ọgbà lọ́wọ́ dókítà ní ìparí oṣù, dókítà sì ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọkùnrin kan tó ń se ata ajá fún àwọn tó ń mutí ti wá béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà bá a níbẹ̀ lánàá. Ó wo ajá náà láti orí dé ìrù, ó ní, "Doctor, this black one go sweet." Itohan wà lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí ajá.

Bí ó bá délé, ẹ má so ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rìn yí ilé ká, kó gbóòórùn gbogbo rẹ̀. Ẹ má na okùn sí i láti òkè, ẹ̀rù okùn ń bà á; kólà ọrùn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó fi sí i. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ìwọ náà fún un lóúnjẹ lọ́wọ́ ara rẹ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kó lè mọ̀ pé o ń gbé nínú ilé náà. Itohan náà fẹ́ mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí.

Kí ó tó di alẹ́ Ọjọ́rú, pe Àǹtí Ọ̀wọ̀. Kí Itohan jókòó tì ọ́. Yorùbá ni kí o fi sọ ọ́, torí pé Yorùbá ni wọ́n fi dùn ún. Bí o ò bá rí ọ̀rọ̀, gba tèmi: "Àǹtí, ẹ ṣé tí ẹ ń ro tiwa. Abo la máa mú. Ìyàwó mi ló yàn án, èmi ni mo máa lọ mú un wá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́sí dun ìyàwó mi, ó sì dun èmi náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún sọ ọ́ mọ́, ní ojú wa tàbí ní ẹ̀yìn wa." Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má ṣàlàyé. Bí ó bá bínú, kó bínú. Bí ó bá sunkún, bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n má kó ọ̀rọ̀ rẹ padà. Èmi á lọ sí Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, màá kó ẹja lọ́wọ́, màá bá a jókòó títí ojú rẹ̀ á fi tutù. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí ìwọ àti Itohan dé ọgbà dókítà kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìwọ ni kí o wa ọkọ̀. Kí Itohan bá ajá jókòó lẹ́yìn.

O mọ̀ pé bí aago mẹ́wàá bá lù tí mi ò rí yín, màá gbé ajá náà sínú ọkọ̀ mi, màá gbé e lọ bá ìyàwó rẹ ní Oregbeni, aago mọ́kànlá kò ní lù kí n tó ṣe é. Ajá á bọ́ lọ́wọ́ ìkòkò. Ilé á ní olùṣọ́. Itohan á dì mọ́ mi, á sì máa rántí títí ayé rẹ̀ pé ìyá ọkọ òun ló mú un wá. Mi ò fẹ́ ìyìn yẹn, tìrẹ ni. Mo ti ní ajá tèmi.

Sátidé, kó tó di aago mẹ́wàá. Má rán dírẹ́bà.

Èmi ìyá rẹ, tí ó fẹ́ràn ẹ̀yin méjèèjì, tí kò sì ní tún kọ ìwé gígùn lórí ọ̀rọ̀ yìí,

Àṣàkẹ́